Ìjẹ fún Olóòrùn Méjì

Kí ẹnikẹ́ni má bi mí mọ́ pé kí ló dé tí mi ò gbe ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà. Ó ti sú mi. Àwọn tó ń béèrè ò sí ní yàrá ìpàdé. Àwọn tó wà níbẹ̀ sì mọ ìdáhùn, wọ́n kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí wọ́n lè rí ọ̀rọ̀ gbé kiri ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí kálukú gbẹ́nu ẹ̀ dákẹ́.

Iṣẹ́ ìdílé ni iṣẹ́ wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè ní Bàbá Lẹ́ǹsì, ló ń ya àwòrán àwọn ẹ̀rọ tí awò awọ̀nàjíjìn ńlá wa fi ń ya fọ́tò ojú oòrùn: ibi tí lẹ́ǹsì yóò jókòó sí, bí ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe gba inú asẹ́ kọjá, ibi tí yóò balẹ̀ sí lójú kámẹ́rà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tó bí, kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi àbúrò rẹ̀ obìnrin ni mo ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń yí awò náà tẹ̀lé oòrùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá ṣe àṣìṣe bíńtín, oòrùn yóò yẹ̀ kúrò lójú ihò tó yẹ kó gbà, ooru rẹ̀ yóò sì jó nǹkan tó wọ́n ju ilé lọ. Nítorí náà n kì í ṣe àṣìṣe, n kì í sì í ní sùúrù fún àwọn tó ń ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n mi mọ iṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ ló burú. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń dán lẹ́ǹsì gbé èyí tó ti ha wá fún un, ó ní, "Gbé e lọ fún ìyá ẹ, kó máa fi wo ojú abẹ́rẹ́." Ọkùnrin náà fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí oṣù tó parí. Èmi náà ò lẹ́nu rere, ọmọ ìyá kan náà ni wá, ṣùgbọ́n mo máa ń wo ẹni tí mo fẹ́ bú dáadáa kí n tó bú u. Tirẹ̀ kì í yan ẹni.

Ilé iṣẹ́ wa sì ní ọ̀nà tó máa ń gbà yẹ iṣẹ́ wò, tí mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ níbòmíì. Kí wọ́n tó gé irin kankan fún ẹ̀rọ tuntun, ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ yóò jókòó síwájú gbogbo wa, ẹnì kan yóò sì dìde láti pa ẹ̀rọ náà. Bá a ṣe ń pè é nìyẹn, Ọjọ́ Pípa. Ẹni tó sún mọ́ ọ jù lọ lẹ́nu iṣẹ́ ni Ọ̀gá máa ń yàn láti pa tìrẹ, torí òun ló mọ ibi tí o ti máa ń sùn lọ. Bí apani bá rí àléébù tó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, ẹ̀rọ ti kú nìyẹn, òun tó pa á ló sì jogún rẹ̀. Òun ni yóò tún un ṣe, orúkọ tirẹ̀ ni wọn yóò fín sí i lára.

Àmọ́ àwọn èèyàn máa ń ṣọ̀lẹ. Wọ́n á wo àwòrán fìrí, wọ́n á ní ó dáa. Torí ìyẹn, ẹni tó ya àwòrán gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe kan pamọ́ sínú rẹ̀. Ìjẹ là ń pè é, bí èyí tí wọ́n ń fi sẹ́nu ìwọ̀ ẹja. Yóò sọ ọ́ sétí ẹnì kan péré, ẹni yẹn là ń pè ní Elétí, kò sì gbọ́dọ̀ yanu títí wọ́n á fi bi í lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ ìjẹ nìkan ni apani rí, kò séwu, wọ́n á tún ibẹ̀ ṣe, ẹ̀rọ á kọjá. Apani tí kò bá rí ìjẹ, òun náà tẹ́. Kò sí ìwé nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Etí àti ẹnu ni, bí ẹnu Elétí bá sì ti lè purọ́ lọ́jọ́ kan, kò sí ẹ̀rọ tó máa ní láárí mọ́ lọ́dọ̀ wa.

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ya ẹ̀rọ rẹ̀ àkọ́kọ́, bàbá rẹ̀ ni wọ́n yàn láti pa á. A rò pé yóò rọra ṣe. Dígí pẹlẹbẹ kan máa ń bo ojú kámẹ́rà. Ó yẹ kó dagun díẹ̀, kó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá dúró ṣánṣán, ìmọ́lẹ̀ á ta lù ú padà sẹ́yìn, á tún ta wá síwájú, oòrùn gidi àti òjìji rẹ̀ á sì jọ hàn nínú fọ́tò kan náà. Ọmọ náà ti gbé tirẹ̀ dúró ṣánṣán. Àṣìṣe ọmọdé ni. Èèyàn lè fi ìka tọ́ka sí i, kó ní, "Ọmọ mi, wo ibí yìí." Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí oníwàásù. "Ẹ wá wo ọmọ mi o! Ọlọ́run dá oòrùn kan, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Òun fẹ́ dá èkejì!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan yí omi dà sórí tábìlì. Ọkùnrin tó ń mú kámẹ́rà tutù, tá a ń pè ní Amúlétutù, ló kọ́kọ́ pè é ní Olóòrùn Méjì, kó tó di ọ̀sán, orúkọ náà ti dé ilé ìjẹun. Kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ tuntun tí ò mọ ìdí rẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n rò pé oríkì ni. Bàbá rẹ̀ jogún ẹ̀rọ náà, ó mú kí dígí dagun, ó parí. Ó wà lára awò wa di òní, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi gàdàgbà lára rẹ̀. Ọmọ náà ò fi ìyẹn bínú jáde. Ó ń wá síbi iṣẹ́, ó ń kí bàbá rẹ̀, "Ẹ káàárọ̀, Dádì," ó sì ń dáhùn bí wọ́n bá pe Olóòrùn Méjì. Ìyẹn ló yẹ kó ti dẹ́rù bà wá.

Ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó ya ẹ̀rọ rẹ̀ ìkẹyìn. Iná méjì ni ẹ̀rọ náà yóò fi máa ya oòrùn lẹ́ẹ̀kan náà: iná pupa tí gbogbo wa mọ̀, àti èyí tó wà lẹ́yìn pupa, tí ojú èèyàn ò lè rí. Àwọn àmì dúdú tó máa ń yọ lójú oòrùn, agbára òòfà ńlá ló wà níbẹ̀, iná tójú ò rí yìí ló sì máa jẹ́ ká mọ bó ṣe tó. Kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe fẹ́ràn ara rẹ̀ lọ.

Ó wá bá mi nísàlẹ̀ awò lọ́sàn-án ọjọ́ kan, níbi tí mo ti ń fi gírísì pa eyín ẹ̀rọ. Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ mi láìbi mí.

"Ìwọ ni mo yàn ní Elétí," ó ní.

"Ẹ ò rí ẹlòmíì?"

"Àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀ jù." Ó wo òkè, ibi tí wọ́n máa ń so ẹ̀rọ mọ́. "Bí wọ́n bá gbé e gòkè, mo lè jókòó sílé kí n má ronú. Bí wọn ò bá gbé e gòkè, àbúrò, mi ò mọ ohun tí mo fi gbogbo ojú mi ṣe láyé."

Mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo ní kó sọ ìjẹ náà kó jẹ́ kí n ráyè ṣiṣẹ́ mi.

Ó sún mọ́ mi. "Dígí ojú kámẹ́rà. Mo gbé e dúró ṣánṣán."

Gírísì bọ́ lọ́wọ́ mi. "Èyí tẹ́ ẹ fi dójú ti ọmọ yẹn?"

"Òun náà ni. Òun ni Ọ̀gá yàn láti pa mí, mo ti gbọ́. Kó rí i. Kó dìde kó fi lù mí lójú gbogbo wọn, kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ á fi máa dùn wọ́n. Kí èmi di Olóòrùn Méjì, kí òun bọ́ ńbẹ̀. Èmi ń lọ sílé ní tèmi, kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe?"

"Ṣé ẹ ò kàn lè bẹ ọmọ náà ni?"

"Kí n ní kí ni?"

"Kẹ́ ẹ ní kó má bínú."

Ó pòṣé. "Ìwọ kọ́kọ́ lọ bẹ gbogbo àwọn tí ìwọ náà ti bú." Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. "Ìjẹ nìkan ni tìrẹ. Èyí tó kù tí mo sọ, gbé e mì."

Mo gbé e mì. Ó dùn mọ́ mi pàápàá, mo lè sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, àṣé ọkùnrin yìí lójú àánú, ó kàn jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé ló máa ń gbà gbé e wọlé ni.

Àmọ́ nǹkan tí kò rò ni pé ọmọ náà mọ̀ ọ́n ju bí òun ṣe rò lọ. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n kó àwòrán fún un, mo bá a ní ilé ìjẹun, ó dá jókòó, oúnjẹ rẹ̀ ti dì síwájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ wú.

"Àǹtí," ó ní, "Dádì ṣì ń fi mí ṣẹ̀sín."

"Lórí kí ni?"

"Ẹ má ṣèyọnu. Màá dá a lóhùn."

Mo mọ ohun tó rí. Ahọ́n mi ń yún mi. Gbólóhùn kan péré ni ì bá parí ọ̀rọ̀ náà: "Kì í ṣe ẹ̀sín, ọmọ mi." Ṣùgbọ́n Elétí ni mí, Elétí kì í sì í sọ̀rọ̀ kó tó dọjọ́. Mo gbé abọ́ mi, mo kúrò níbẹ̀.

Láti ìgbà náà ló ti kó sínú àwòrán yẹn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú ìyẹ̀fun. Kò kí èèyàn mọ́. Ó gba pàǹtí irin tí bàbá rẹ̀ fi ṣe àpẹẹrẹ ọ̀pá oníhò tí ìmọ́lẹ̀ yóò gbà kọjá nínú ẹ̀rọ náà, ó ń gbé e kiri nínú báàgì. Lọ́jọ́ kan mo rí i lẹ́nu géètì, ó ń bẹ àwọn ọlọ́dẹ pé kí wọ́n yá òun ní kámẹ́rà kékeré tí wọ́n fi ń ṣọ́ ògiri nínú òkùnkùn. Ọlọ́dẹ ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní ẹnì kan wà nílé tí òun fẹ́ ṣọ́.

Ọjọ́ Pípa dé. Ẹ̀gbọ́n mi wọ kóòtù dúdú rẹ̀, tí ó lọ̀ dáadáa, ó jókòó síwájú, ọwọ́ rẹ̀ lórí tábìlì, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó ń retí àlejò. Èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí Elétí máa ń jókòó sí. Ọ̀gá, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè, ní kí apani dìde.

Ọmọ náà gbé ọ̀pá irin náà ka tábìlì. Inú rẹ̀ dúdú, kò dán rárá. Ó gbé kámẹ́rà àwọn ọlọ́dẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó so ó mọ́ ojú ìwòran ńlá tó wà lára ògiri.

"Dádì, kí lẹ fi kun inú ọ̀pá yìí?"

"Aró tí mo ti ń lò kí ìwọ tó mọ orúkọ ara rẹ."

"Kí ló wà fún?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo Ọ̀gá bí ẹni pé wọ́n ń fi àkókò òun ṣòfò. "Kí inú ẹ̀rọ lè dúdú. Ìmọ́lẹ̀ tó bá yà bàrà, kí ibẹ̀ gbé e mì, kó má lọ bá fọ́tò jẹ́."

"Ó dúdú dáadáa?"

"Ó dúdú bí inú rẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà náà rẹ́rìn-ín, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti burú. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Dádì," ó fa kọ́tìnì, ó pa iná. Yàrá ṣú dùdù. A gbọ́ tí ó tẹ nǹkan, kò sì sí iná kankan tó tàn lójú wa, torí iná tójú ò rí ló tàn. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ọlọ́dẹ rí i. Lójú ìwòran, ọ̀pá náà yọ, inú rẹ̀ funfun báláú bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

A na ọrùn sí ojú ìwòran.

"Aró yìí, ojú wa ló ń tàn jẹ," ó ní nínú òkùnkùn, ohùn rẹ̀ sì tutù. "Iná tó wà lẹ́yìn pupa ò mọ̀ ọ́n ní dúdú. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bá yà bàrà, inú ọ̀pá yìí á tan gbogbo rẹ̀ dà sójú kámẹ́rà. Àmì dúdú tí Dádì fẹ́ wọ̀n á rí bí eérú, agbára òòfà tí wọ́n bá kà níbẹ̀ á jẹ́ irọ́. A ó ṣe é tán, a ó gbé e gòkè, a ó wá máa fi irọ́ kọ́ ayé." Ó gbé kámẹ́rà náà yí díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kojú sí bàbá rẹ̀. Kóòtù dúdú náà funfun nini lójú ìwòran, láti ọrùn dé orúnkún, orí ẹ̀gbọ́n mi sì yọ lókè rẹ̀ bí orí òkú tí wọ́n ti wọ̀ láṣọ tán.

"Yéè!" Amúlétutù ló ké. "Bàbá ti wọ aṣọ funfun!"

Ilé dà rú. Ẹ̀rín bo gbogbo yàrá, àwọn tí ọkùnrin náà ti bú láti ọjọ́ yìí wá ń rẹ́rìn-ín gbẹ̀san. Ọmọ náà ò yí kámẹ́rà kúrò. Ó dúró títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀, ó ní, "Ẹni tó bá jẹ́ pé ojú nìkan ló fi ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó ti lọ jókòó sílé tipẹ́."

Ó tan iná.

Òógùn bo ẹ̀gbọ́n mi. Ojú ló fi ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ohun tó bá dúdú lójú rẹ̀, ó dúdú náà nìyẹn, kò sì sí iṣẹ́ tó ti ṣe rí tó sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo rí i tó ń ro nǹkan. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"O káre, ọmọ mi! Ìjẹ mi lo rí yẹn. Mo ní bóyá o ò ní rí i."

Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gba yàrá náà kan. Bí ìjẹ bá ni, ẹ̀rọ yè. Wọ́n á pààrọ̀ aró, wọ́n á gbé e gòkè, orúkọ rẹ̀ á wà lára rẹ̀. Ó tún máa dà bíi pé òun ló gbọ́n jù nínú ilé. Ọmọ náà wò ó, ó wá yíjú sí mi. Gbogbo wọn yíjú sí mi.

"Elétí," Ọ̀gá ní, "ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi náà wò mí, bó sì ṣe wò mí ló jẹ́ kí n bínú. Kò bẹ̀ mí. Kò ṣẹ́jú sí mi pàápàá. Ó wò mí bí èèyàn ṣe ń jókòó sórí àga tí kò yẹ̀ wò, torí ó ti mọ̀ pé àga wà níbẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ́ àga fún un. Ó fọ́ dígí bàbá wa, mo ní èmi ni, wọ́n nà mí, òun sì ń jẹ ẹ̀pà yíyan lẹ́nu ọ̀nà. Ó sì tún fẹ́ kí n ba orúkọ Elétí jẹ́, kí n ba gbogbo ilé iṣẹ́ jẹ́, kí n sì sọ ọmọ tó sọ òótọ́ di òmùgọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

"Rárá," mo ní. "Kì í ṣe ohun tó sọ fún mi nìyẹn."

Àléébù lè pa ẹ̀rọ; irọ́ lórí ìjẹ ló ń pa èèyàn lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi, ó gbàgbé láti kó o kúrò.

"Kí ló wá sọ?" Ọ̀gá bi mí.

"Dígí ojú kámẹ́rà. Ó gbé e dúró ṣánṣán."

Amúlétutù ló tún kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Ó na ìka sí ọmọ náà. "Ẹ gbà mí o! Olóòrùn Méjì ò rí oòrùn méjì!"

"Mo rí i!" Ọmọ náà pariwo, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pariwo láti ọdún wọ̀nyẹn wá. "Ọjọ́ tí mo ṣí àwòrán yẹn ni mo rí i! Mo rò pé ó fi ń bú mi ni. Mo rò pé ó ní kí n wá fi ẹnu ara mi sọ ọ́ níwájú yín, kẹ́ ẹ tún lè rẹ́rìn-ín. Mo sunkún lórí ẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lọ wá nǹkan tí mo máa fi pa á, kó kú pátápátá."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti gbé mì bọ́ jáde. "Kò fi bú ọ! Kí o fi lu òun ló fi síbẹ̀ fún. Ó ní kí wọ́n máa pe òun ní Olóòrùn Méjì, kí ìwọ bọ́ lọ́wọ́ orúkọ yẹn. Bó ṣe mọ̀ ọ́n bẹ̀ nìyẹn, ọmọ mi. Ó ń bẹ̀ ọ́ ni."

Ọmọ náà yíjú sí bàbá rẹ̀. Obìnrin tó ti ní ewú díẹ̀ lórí ni, ṣùgbọ́n bó ṣe wò ó nígbà náà, bíi pé ó wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó wá mú un.

"Dádì? Ṣé òótọ́ ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó de bọ́tìnì kóòtù rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Ẹ̀rọ ti lọ, iyì ti lọ, nǹkan kan péré ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ tó fi pamọ́ náà, ọmọ rẹ̀ sì na ọwọ́ méjèèjì láti gbà á. Ó dùn ún débi pé ó fi sọ̀kò.

"Àǹtí rẹ ń purọ́," ó ní pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "Mo fẹ́ wò ó bóyá o ti gbọ́n ni. O ò tíì gbọ́n."

Ó jáde, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Gbogbo wọn wá ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ fi ìtàn dídùn bo ọ̀ràn mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà létí mi lọ́jọ́ náà, wọ́n gba èyí tó pa á gbọ́, wọn ò gba èkejì. Ojú ọmọ náà gbẹ. Ọ̀gá ní ẹ̀rọ ti kú, Olóòrùn Méjì ló jogún rẹ̀, ó ní kí a lọ jẹun kí oúnjẹ tó tutù. A lọ jẹun.

Ẹ̀gbọ́n mi ò dúró di òpin ọdún. Ọjọ́ tó wá kó ẹrù rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́nu géètì ti mọ orúkọ tuntun rẹ̀. "Bàbá Aláṣọ Funfun, ó dàbọ̀ o!" Ó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé, ó gbé páálí kan sábẹ́ apá, kò wẹ̀yìn.

Ọmọ rẹ̀ mú kí dígí dagun. Ó wá aró tó dúdú nínú iná méjèèjì, ó pẹ́ kó tó rí i. Orúkọ tirẹ̀ nìkan ni wọ́n fín sára ẹ̀rọ náà. Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ gbé e gòkè, èmi ni mo yí awò sójú oòrùn, ojú oòrùn yọ lójú ìwòran, ó ń hó yaya bí omi lórí iná, àmì kan sì wà láàárín rẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá dì mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó pè é ní Olóòrùn Méjì lọ́jọ́ náà, Amúlétutù pàápàá pè é ní Ọ̀gá Kékeré.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ, ó wá dúró tì mí.

"Àǹtí, ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn. Òótọ́ ni, àbí?"

"Òótọ́ ni."

"Mo mọ̀."

Mo yíjú sí i. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tó ti ní irọ́ ni. Ṣé ẹ ò mọ Dádì ni? Èyí tó bá jẹ́ òótọ́ nìkan ló máa ń sẹ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́." Ojú rẹ̀ ò kúrò lára àmì dúdú náà.

"O wá mọ̀, o ò sì lọ bá a? Ọkùnrin yẹn ò jáde nílé mọ́."

"Èmi náà retí rẹ̀, Àǹtí. Ojoojúmọ́ tí wọ́n ń pè mí lórúkọ yẹn, mo ń retí kó kàn wí fún ẹnì kan péré pé, 'Ẹ má pe ọmọ mi bẹ́ẹ̀ mọ́.' Kò wí. Kí òun náà retí. Ẹ má sọ fún un pé mo mọ̀."

Mo ní mi ò ní sọ. Ó ní, "Ẹ ṣeun," ó sì gbé báàgì rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi. Ó máa ń jókòó sí pálọ̀, kọ́tìnì rẹ̀ ní títì, torí ó ní oòrùn ń dun òun lójú báyìí. Yóò po tíì fún mi, yóò da ṣúgà sí i jù. Ìbéèrè méjì ló máa ń bi mí. Àkọ́kọ́, bóyá àmì náà ń dúdú dáadáa nínú iná tójú ò rí. Mo máa ń ní ó dúdú, inú rẹ̀ á sì dùn díẹ̀, a máa rí i lẹ́nu rẹ̀. Yóò wá máa yí kọ́ọ̀pù ọwọ́ rẹ̀ po.

"Ohun tó o sọ fún wọn nípa mi lọ́jọ́ yẹn," á ní, láìwo ojú mi. "Ṣé ọmọ yẹn tiẹ̀ gbà ọ́ gbọ́?"

Ilé ọmọ náà ò jìnnà, fóònù wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Kò fẹ́ lọ, kò fẹ́ pè é. Èmi ló tún fẹ́ jókòó lé.

"Rárá," mo máa ń ní. "Kò gbà mí gbọ́."

Yóò mi orí. Èmi yóò mu tíì mi tán, n óò fọ kọ́ọ̀pù, n óò sì sọ fún un pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.